Bí A Ṣe Gbé Má Fòyà Jáde Lómi

Dádì mi tí mo ń pè tí ẹ ò jẹ́,

Mo tún ti sín ẹnìkan jẹ. Lórí rédíò ẹgbẹ́ awakọ̀ ìgbòkun wa sì ni. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán kẹ́ ẹ tó le ojú mọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìjì kan jà ní ìlú wa, Rowlett, ó ń yí bí òkòtó. Ó ṣí òrùlé ilé ẹgbẹ́ bí ẹní ṣí ìdérí ìkòkò, ó fọ́ èbúté wẹ́wẹ́, ó to àwọn ọkọ̀ léra wọn. Ọkọ̀ yín, Má Fòyà, rì síbi tí a so ó mọ́. Orí òpó ìgbòkun rẹ̀ nìkan ló yọ lómi, bí ọwọ́ ọmọ tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì. Èmi kì í nawọ́ ní kíláàsì, ẹ mọ̀.

Èmi ni mo so ó gbẹ̀yìn. Ẹ ti kìlọ̀ fún mi títí pé kí n máa fi àyè sílẹ̀ lára okùn, pé ọkọ̀ tá a bá so pinpin ò lè bá omi jó. Mo so ó pinpin. Ṣé ìyẹn ló jẹ́ kó rì? Mọ́mì ní ìjì tó gbé òrùlé ò wo ti okùn. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí?

Ọjọ́ kejì, Míísítà Dale, olórí ẹgbẹ́, ka ètò sí wa létí. Ọkọ̀ tí ẹni tó ni ín bá wà láàyè ni wọ́n á gbé. Má Fòyà, ó di ilé àfọ́kù, níbi tí wọ́n ń da ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ sí. Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lára wọn, wọ́n kàn ń mirí pé ó dáa. Èmi ò mirí o. Ṣé èmi náà ti kú ni?

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, mo gbé rédíò. Mo húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo fa imú, mo di Míísítà Dale. Mo ní kí gbogbo ẹgbẹ́ kó okùn àti ẹ̀rọ tó ń fa omi wá sídìí Má Fòyà láago mẹ́sàn-án. Mo tiẹ̀ ní kí ìyàwó mi gbé dónọ́ọ̀tì dání.

Wọ́n wá, Dádì. Àwọn tó ń gbé ní Frisco lọ́hùn-ún pàápàá wá. Obìnrin kan tí ọkọ̀ tiẹ̀ ti di igi ìdáná wá, okùn lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni Míísítà Dale fúnra ẹ̀ dé, tòun ti dónọ́ọ̀tì. Ojú mi ló ń wò tààrà. Mo ní ó parí.

Kò bú mi. Ó na rédíò sí mi.

“Gbogbo wa pátá lo ti sín jẹ,” ó ní. “Ó ku bàbá ẹ.”

Ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń pe ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí rédíò ní Sátidé, tẹ́ ẹ ó kì í, kí ẹnikẹ́ni tó ta ìgbòkun. Látìgbà tẹ́ ẹ ti lọ, ẹnìkan ò pè wọ́n mọ́. Èmi náà ò dán ohùn yín wò. Ẹ̀rù ń bà mí: tí kò bá jọ ńkọ́?

Mo pè wọ́n, bí ẹni tí ẹ̀pà wà lẹ́nu ẹ̀, torí ẹ̀pà máa ń wà lẹ́nu yín lóòótọ́. Mo pe èyí tó rì, mo pe èyí tó fọ́. Mo ki ọkọ̀ Míísítà Dale, arúgbó tó ń sáré tí eegun ẹ̀ ń dún. Mọ́mì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Má Fòyà ni mo pè kẹ́yìn, mo sì fi tèmi kún un: a-rì-má-kú. Ni gbogbo wọn bá fa okùn.

Ọ̀sán ni ó tó yọ, ẹrẹ̀ kún inú ẹ̀, ẹja kan sì jókòó síbi ìjókòó yín.

Mo ti tún un so. Mo fi àyè sílẹ̀ lára okùn. Kí ìjì tún padà wá, yóò bá wa níbẹ̀.

Èmi ọmọ yín tó ń yọ yín lẹ́nu,
tí ohùn yín ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.