Ojú Ìwé Kẹtàlélógójì

Ìyá mi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí: fáànù ilé ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú ti kú. Gbogbo wa ń ṣọ̀fọ̀, pàápàá èmi tí mo máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, àlàáfíà ni. Ìwé ìtumọ̀ Àlùkùránì tí Bàbá Àgbà fi sílẹ̀ ń lọ dáadáa. Àlàájì Àjàlá, olórí àwọn ọmọ kéwú wọn, ń wá láti Fola Agoro lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́rin tí kì í sọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí, kí àlejò má baà dà wá láàmú.

Ojú ìwé kẹtàlélógójì nìkan ló ní wàhálà díẹ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá Àgbà ti ní, "Ẹni tó bá kọ́ ilé sórí sàréè mi kò gbọ́ ohun tí mo fi kọ́ ọ." Àwọn Àlàájì sì ti kọ́ ilé aláwọ̀ ewé síbẹ̀.

Àlàájì ní, "Mùíz, yọ ọ́ kúrò. Bàbá ò lè sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìyá mi ló kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́nu wọn, sà."

"Obìnrin! Ṣé ó wá mọ kéwú jù wá lọ ni?"

"Bàbá náà ló kọ́ ọ, sà."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ní n kò ní yọ ọ́.

Ìwé tí ẹ fọwọ́ kọ yẹn, ẹ má fún ẹnikẹ́ni, kódà bí èmi bá ránṣẹ́ wá gbà á. Ẹ bá mi kí gbogbo ará Ìsẹ́yìn. Ìkéde tí Àlàájì ní kí n tẹ̀ láàárọ̀ yìí ló wà nísàlẹ̀.

Mùíz

ÌKÉDE: Inú Ìgbìmọ̀ Àwọn Ọmọ Kéwú Alfa dùn pé ìwé Alfa ti jáde lódindi, láìsí ojú ìwé kẹtàlélógójì. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Mùíz, ọmọọmọ wọn, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́.