Omi Gọ́tà Wa Ti Mọ́

                                        Yàrá Kejì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Aláró,
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn yín ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́.

Yàrá tí mo ní kí ẹ bá mi wá nítòsí yín, ẹ má wá a mọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà wa ni gọ́tà ilé aláró tí bàbá ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ gbà kọjá. Omi pupa lónìí, omi búlúù lọ́la. Látìgbà tí ọmọ ti ń rákò, ẹ̀yìn mi ló ń gbé. Mo ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé màá palẹ̀ ẹrù mi mọ́.

Ni ọ̀gá ilé aláró bá mú obìnrin onímọ̀ kan wá. Ó gbé ẹ́ńsáìmù dání, èròjà kan tí wọ́n yọ lára olú. Ó ní bí itọ́ ẹnu ṣe ń tú oúnjẹ palẹ̀ ló ṣe máa tú aró palẹ̀ nínú táǹkì, kí omi tó jáde. Wọ́n dà á sí i, omi ò yí padà, ó pupa bí ẹ̀jẹ̀. Àwọn aláró bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Olólú. Èmi wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mò ń yọjú lójú fèrèsé.

Àṣé bàbá ọmọ mi ló fà á! Lọ́dọ̀ aláró, ooru ni gbogbo nǹkan. Òun náà wá da omi aró tó ń hó sínú táǹkì tààrà, kí olú lè tètè ṣiṣẹ́. Obìnrin yẹn fọwọ́ kan táǹkì, ó pariwo: "Ta ló ń se olú jẹ níbí?" Ooru ti pa ẹ́ńsáìmù.

Wọ́n jẹ́ kí omi mìíràn tutù kí wọ́n tó da ẹ́ńsáìmù tuntun sí i. Nígbà tó dọjọ́ kejì, omi ti dà bí èyí tí a fi ṣan ìrẹsì. Obìnrin náà ní ká má mu ún o, àwọn ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ mi wá ń yan kiri bíi pé òun ló bí olú.

Lánàá, mo sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọ̀tún, kò wòsì, gọ́tà ló forí lé. Bàbá rẹ̀ ní, "Fi í sílẹ̀ jàre, omi ti mọ́." Kó tó parí ọ̀rọ̀, mo ti gbé e. Omi mọ́ lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ gọ́tà ò yéé jẹ́ gọ́tà. A ò ní kó lọ mọ́. Ẹ̀yìn mi nìkan ni kò tíì sinmi.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ó dìgbà tí a bá fojú kanra.

                                        Èmi àbúrò yín tòótọ́,
                                        Aláròjù.