Aago Tó Ń Ka Ìṣísẹ̀ Bàbá Rẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ara ńkọ́? O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ ò ní ṣì ọ́ gbé, àmín. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ àgbà.

Aago ọwọ́ méjèèjì tó o fi ránṣẹ́ dé, pupa tèmi, dúdú ti bàbá rẹ. Télọ̀ ojúlé kejì bá wa tò ó bó o ṣe ṣàlàyé, pé yóò máa ka ìṣísẹ̀ wa, fóònù tìrẹ yóò sì máa rí i lọ́hùn-ún. Mo máa ń kí tèmi káàárọ̀ lójoojúmọ́, torí ẹni tó ń ròyìn ẹni fún ọmọ ẹni, kò yẹ ká bá a ṣọ̀tá. Ti oúnjẹ náà, mo gbọ́. O ní kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́, kí ẹ̀wà àti ẹja pín ìyókù, mo sì ti fi èédú fa ìlà sínú abọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ kọjá ààlà. Iyọ̀ tó o ní ká dín kù, mo ti gbé gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó télọ̀ kó bá mi fi pamọ́, nítorí mo mọ ara mi.

Ọmọ mi, mo ní ẹjọ́ láti rò. Nígbà tí bàbá rẹ ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀, mo sọ fún ọ pé ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tó o wá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìṣísẹ̀ lójúmọ́ ni ìlera, mo rò ó pé èmi tí mò ń fọṣọ fún un, tí mò ń pọnmi fún un, kí ló dé tí mi ò lè rìn fún un náà? Mo so aago méjèèjì mọ́ ọwọ́ kan, mò ń rìn láti ẹnu ọ̀nà wa dé afárá, láti afárá dé ilé ẹ̀kọ́. Tí mo bá délé, mo máa so tirẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ìlera náà lè wọ inú rẹ̀ lọ. Orúnkún tèmi tó máa ń ro mí ti dákẹ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò yí padà. O wá pè, inú rẹ dùn, o ní Bàbá ń rìn bí ọ̀dọ́kùnrin lórí fóònù rẹ, pé kò wá sí ìdí láti sáré wálé lọ́dún yìí. Ẹsẹ̀ mi lo rí. Mo ti gbé fóònù sí i létí kó lè gbọ́ ohùn rẹ, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́, ó kàn kọjú sí ògiri ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbàgbé aago sí i lọ́wọ́, mo lọ bu omi. Nígbà tí mo fi dé, ó ti ka ẹgbẹ̀rún méjì. Mo rò pé òtútù ló mú aago náà, mo fi aṣọ nù ún. Lọ́jọ́ kẹta mo jókòó tì í, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, wọn ò mira, wọ́n tutù bí ẹsẹ̀ ẹni tó gba inú ìrì kọjá, iye náà sì ń gòkè lójú mi. Mo bu omi láti fọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, eruku pupa ló ṣàn jáde. Sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ ilé wa. Ọ̀nà tó lọ sí ìlú ńlá lọ́dọ̀ rẹ nìkan ló pupa. Ẹ̀rù bà mí, n ò purọ́.

Nọ́ọ̀sì wá wò ó, ó ní ọkàn rẹ̀ ń lù bí ọkàn ẹni tó ń gun òkè, ó bi mí bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibì kan dé ni. Ọkùnrin tó ń ta ọsàn ní oríta sì ní bàbá rẹ kí òun láàárọ̀ àná, ó béèrè bóyá ọ̀nà ìlú ńlá ṣì jìn. Aago tèmi máa ń padà sí òdo tílẹ̀ bá mọ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò padà mọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin, ńṣe ló ń lọ. Bí iye náà ṣe ń pọ̀ ni mímí rẹ̀ ń fẹ́lẹ́ sí i.

Télọ̀ ni yóò ya fọ́tò lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ, torí lẹ́tà inú àpòòwé kò lè yára tó bàbá rẹ. Mo ti ní kó rọra yà á kí ọ̀rọ̀ kankan má baà já bọ́ lọ́nà. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn, àti bàtà kan, o ṣáà mọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ gan-an ni mo fẹ́ rí. O ní fóònù rẹ mọ ibi tí aago wà, wò ó, kó o sọ ibi tó dé fún mi. Bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, má fún un ní ìjókòó o, má bu omi fún un. Tó bá ti jókòó, ó ti dé ibi tó ń lọ nìyẹn, èyí tó wà lórí ibùsùn yìí kò sì ní mí mọ́. Wọ bàtà rẹ, pàdé rẹ̀ níta, dì í lọ́wọ́ mú, kí ẹ jọ máa bọ̀ wálé. Ọ̀nà á là fún ọ. Ẹ ó bá mi láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.

Bí mo ṣe fẹ́ ká lẹ́tà yìí ni iye orí aago náà dúró. Bàbá rẹ ṣì ń mí, kò tíì jókòó nìyẹn. Ọmọ mi, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Dìde.