Ìyàwó Mi Ti Kú, N Kò sì Ní Kúrò Níbí

Àbúrò mi,

Bí o ti gbọ́, ìyàwó mi kú ní oṣù tó kọjá, lójúmọmọ, lórí àga ilé ìdáná. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Orúnkún ń dùn mí, òrùlé ẹ̀yìnkùlé ń jò, àwọn ọmọ mi wà.

O ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ. Gbọ́ ìdáhùn mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo sọ fáwọn obìnrin ìjọ pé n kò lè gbàdúrà mọ́, kí wọ́n yé wá. Aránṣọ inú wọn ní, "Bàbá, ta ló bi yín léèrè àdúrà? Ẹ jẹun." Òun ló fà mí lọ sí ìsìn ọjọ́ Àìkú. Akọ̀wé ìjọ ń pe àwọn tí yóò gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣèèṣì pe orúkọ ìyàwó mi. Èmi ni mo jẹ́ ẹ.

Ní Sátidé, mo lọ gbá a. Aránṣọ wò mí títí: "Bàbá, ṣé adìẹ lẹ ń lé ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ni ẹkún bá gbé mi. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn, wọ́n sì jẹ́ kí n gbálẹ̀ tán.

Yàtọ̀ sí ìwọ, ta ló mọ ìyàwó mi lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀ tí màá sunkún lójú rẹ̀?

Olúwa kò ní fi irú èyí kàn ọ́. Bá mi gbàdúrà, tèmi kò tíì jáde lẹ́nu. Má fowó ọkọ̀ ránṣẹ́. Àkọ́bí mi ló ń bá mi kọ èyí; òun ni mo fi ọ̀rọ̀ pé n kò ní kúrò níbí lé lọ́wọ́. Tí o bá fẹ́ jà, òun ni kí o bá jà.