Lẹ́yìn Ẹṣin Ni Wọ́n Kọ Ikú Yín Sí

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ara wa le. Ọmọ mi àgbà ti wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ ti ìjọba, owó síléètì nìkan ni mo san. Ìbá dùn mọ́ yín.

Ṣùgbọ́n ìríra ló mú mi kọ ìwé yìí. Láti ìgbà tí mo ti Ọ̀yọ́ dé, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi, èmi tí n kì í fi òkèlè kan ṣòfò.

Ìwé ọjọ́ yín ni. Ojú ewé kan fún ọjọ́ kan nínú ọdún. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọdún yòówù kó jẹ́, ojú ewé kan náà ni ẹ ń kọ ọ́ sí. Ọ̀bẹ tí ẹ fi ń fín igbá lẹ fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù yín, títí tí kò fi gùn ju àtàǹpàkò lọ mọ́. Lójú ewé ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ẹ kọ ọ́ pé eéṣú jẹ oko wa tán. Lábẹ́ rẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ gbé igbá mẹ́tàlélógún lọ. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n bí mi. Ìlà kẹrin, èmi ni mo fi pẹ́ńsù yín kọ ọ́ lọ́dún tó kọjá, pé Bàbá sùn láàárọ̀ yìí.

Mo wọ lọ́rì ní Ọjà Igbó, ṣílè kan àti sísì, kí n lè bá wọn ṣe ìrántí ọdún kan yín. Nígbà tí mo dé agbo ilé wa ní Ọ̀yọ́, wọn kò dá iná kankan. Ẹ̀gbọ́n mi, àrólé yín, ló ní àwọn ti sún un sí ọjọ́ kẹtàdínlógún, ọjọ́ tí ìjòyè àdúgbò ń ṣe àyájọ́ oyè rẹ̀. Ó na kàlẹ́ńdà tí ìjòyè náà tẹ̀ sí mi. Àwọn ohun ńlá tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà wà lábẹ́ àwòrán rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọjọ́ tó jẹ oyè, ọjọ́ tí ẹṣin rẹ̀ àkọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn ẹṣin ni wọ́n kọ ikú yín sí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá kò kú lọ́jọ́ yìí.”

“Oníṣirò, o tún dé. Ṣé òkú ń wo kàlẹ́ńdà ni? Ẹran ìjòyè á tó wa, a ò ní pa tiwa. Ìwọ gan-an ló yẹ kínú ẹ dùn sí i.”

Kí n má purọ́ fún yín, mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Ewúrẹ́ méjì là bá fi pamọ́. Mo kórìíra ara mi fún un.

Mo wá ṣí ìwé ọjọ́ yín tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti fi rọ́bà pa ìlà kẹrin rẹ́ títí bébà fi fẹ́ẹ́ lu. Ẹ̀yin kì í pa nǹkan rẹ́. Bí ẹ bá ṣì í kọ, ẹ ó fa ìlà lé e, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí àṣìṣe yín. Ṣé ẹ rí i nígbà tó ń pa á?

Mo fi ìwé náà sábẹ́ ìborùn, mo sì wọ lọ́rì padà. N kò tọrọ rẹ̀.

Lánàá mo lọ sọ́dọ̀ Mọ́là tó ń ta tàdáwà, yíǹkì àwọn aáfà, ní Sábó.

“Ti wàláà ọmọ kéú ni àbí ti ìwé, Ìyá?”

“Èwo ni omi kò lè fọ̀?”

“Ti ìwé. Ó wọ́n o.”

N kò ná an. Mọ́là tó mọ̀ mí dáadáa bi mí bóyá ara mi yá.

Mo rọra kọ ọ́. Ìlà kẹrin ti padà sí ààyè rẹ̀. Àmọ́ ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù, tàdáwà náà yọ sẹ́yìn ewé, ó kán sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Mo fa ìlà lé e. N kò pa á rẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tó wà ní ìlà kẹta, lókè orí yín gan-an.