Oríkì Tí Mo Sọ Di Àmì Ìbéèrè

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́

Mo gbé oúnjẹ tì nírọ̀lẹ́ yìí.

Láàárọ̀ ni mo fi ètò tó ń sọ ìwé di PDF sórí sáfà, kọ̀ǹpútà àgbà tó ń tọ́jú gbogbo iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé wa. Inú ọ̀gá dùn. Wọ́n ní kí n pa àwọn fáìlì àtijọ́ rẹ́ kí àyè lè wà. Mo yẹ díẹ̀ wò nínú àwọn PDF tó ṣe jáde, èdè Òyìnbó ni wọ́n, wọ́n mọ́ kedere. Mo bá pa gbogbo ti àtijọ́ rẹ́.

Lọ́sàn-án ni Sìkírátù dé láti ìlú Awo, ó wá gba oríkì ìdílé wọn. Àlàájì, bàbá rẹ̀, ló fẹnu kà á fún mi tí mo ń tẹ̀ ẹ́, kí rọpárọsẹ̀ tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.

Mo ṣí i. Gbogbo lẹ́tà Yorùbá tó ní àmì lórí tàbí lábẹ́ ti di àmì ìbéèrè. Ẹ̀dà mìíràn ò sí.

"Bọ̀dá, kí lèyí?"

Mo ṣàlàyé. Ó gbìyànjú láti kà á, ó dé orúkọ baba ńlá wọn, kò lè pè é.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀," ó ní. "Màá kà á sí Bàbá létí. Bí mo bá ṣì í kà, bóyá wọ́n á mi orí."

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Èmi ni mo gbọ́ oríkì yẹn gbẹ̀yìn. Láti ìgbà tí mo ti délé ni mo ti ń wá a lọ́kàn mi. Bí Àlàájì ṣe ń wúkọ́ láàárín ìlà nìkan ni mo rántí.