Fọ́tò Tófúnmi Tó Wà Lábẹ́ Àpò Kòkó

Omifunfun,
Nítòsí Ore.

Adédoyin, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ará ilé rẹ ní Ọ̀wọ̀. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kì í ṣe lórí ibùsùn. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò le. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí kò gba ọ̀rọ̀ gígùn ni mo ṣe kọ̀wé. Waheed ọlọ́kadà yóò fi lẹ́tà náà lé dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ Ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ ní Ore.

O rántí Olúwatófúnmi, ọmọ kíláàsì tí o kọ́ níléèwé wa níbí kí o tó lọ sí Ọ̀wọ̀, tó máa ń rẹ́rìn-ín bí o bá ti pe orúkọ rẹ̀. Ibà pa á nínú ọlidé. Wọ́n ti sin ín ká tó wọlé.

Lọ́jọ́ tí a wọlé, màmá rẹ̀ wá bá mi. Wọ́n ti jí fóònù tó fi ń ya ọmọ náà ní fọ́tò mọ́ ọn lọ́wọ́ ní gáréèjì Ore, níbi tó ti lọ ta gàrí. Ó ní, "Mọ̀dáámù, ẹ jọ̀wọ́, fọ́tò rẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ yín. Èmi ni mo mú un wá lọ́jọ́ tí mo fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ lo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Ìwọ tí o máa ń sá káàdì sóòrùn lẹ́yìn òjò bí ẹni sá ẹ̀gẹ́, tí o kì í jẹ́ ká gbé ife omi súnmọ́ wọn. A ti fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ tó.

Nínú ọlidé náà, Bàbá Olúgbémiga, alága ẹgbẹ́ òbí, ló ní kí àwọn àgbẹ̀ dá kòkó jọ, kí a fi tún òrùlé ọ́fíìsì tó ń jò ṣe, kí ìwé wa má baà bàjẹ́. Rere ni wọ́n rò. Kòkó náà kò tíì gbẹ tán tí òjò fi dé, ni wọ́n bá kó o sínú ọ́fíìsì. O mọ̀ pé àgbẹ̀ kì í gbé kòkó lé ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kó má baà bu. Wọ́n tẹ́ káàdì àti rẹ́jísítà sílẹ̀, wọ́n to àpò lé wọn lórí, wọ́n tilẹ̀kùn. Ohun tí a fẹ́ fi tún ilé ṣe ló ba ohun inú ilé jẹ́.

Nígbà tí a kó àpò kúrò, gbogbo káàdì ti bu, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra. Mo rí orúkọ Tófúnmi. Mo rọra ń ṣí i, màmá rẹ̀ dúró tì mí, ojú ọmọ náà nínú fọ́tò sì ya bá káàdì kejì lọ. Obìnrin náà kò sunkún. Ó kàn ń fi ìka ra ibi tí fọ́tò náà ti wà. Èmi ni mo sunkún. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Olúgbémiga kò lè gba iwájú ilé ìyá Tófúnmi kọjá.

Mo bẹ̀ ọ́, o ya àwọn ọmọ ní fọ́tò lọ́jọ́ ìsìn ìparí ọdún. Wá inú fóònù rẹ, wá inú àpótí. Bí o bá rí i, jọ̀wọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Kí Olúwa dá àwọn ọmọ rẹ sí, kí orúkọ wọn má di ohun tí a ń wá kiri. Kí ojú rẹ má ríbi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ kọ́mọ níléèwé,
Cecilia Adébóyè

Àfikún: Ìyá Tófúnmi ní kí n sọ fún ọ pé bí ojú rẹ̀ kò bá hàn, kí o má tìtorí ẹ̀ dá a dúró. Bó jẹ́ ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìkan lo rí, kí o fi ránṣẹ́. Òun ló di irun náà, òun yóò mọ̀ ọ́n.